Eré Méjì ní Ìrọ̀lẹ́ Kan: Àlàyé lórí Àkọsílẹ̀ Àgbáyé nínú Eré Sísá Àwọn Obìnrin

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí wá láti inú ìbéèrè kan tí wọ́n ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà ní Òkè-Àdó tí mo ń gbé. Pápá ìṣeré ńlá wà ládùúgbò wa, nítorí náà àríyànjiyàn lórí eré ìdárayá kì í wọ́n níbẹ̀. Ìbéèrè náà nìyí. Olúwatóbilọ́ba Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré méjì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà. Ó sá èkíní ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, ó sì sá èkejì ní 12.06. Èkejì ni ó yá jù. Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ pé èyí tí kò yá tó o ni gbogbo ayé kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí góńgó?

Àwọn kan gbà pé ńṣe ni wọ́n rẹ́ ọmọ wa jẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá lè ṣe é, mo fẹ́ kí ẹ kúrò níbí pẹ̀lú òye pé òfin tí ó yọ 12.06 kúrò nínú ìwé ni òfin kan náà tí ó jẹ́ kí 12.12 dúró láìmì.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a yanjú ọ̀rọ̀ tí a ń lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ohun tí mo ń sọ yìí ní rẹ́kọ́ọ̀dù, n kò sì bá wọn jà. Àkọsílẹ̀ ni èmi yóò máa lò, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà tú àṣírí ara rẹ̀: ohun tí a kọ sílẹ̀ ni. Ènìyàn lè sáré ju gbogbo ayé lọ ní ojú ọ̀nà oko, kí ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì fi ojú rí i. Bí kò bá sí ẹni tí ó fi ìwọ̀n tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí wọ̀n ọ́n, ìtàn ni yóò máa jẹ́. Ìtàn náà lè jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré tí ẹlòmíràn sá ní ìlú mìíràn, ní ọdún mìíràn, kí a sì sọ pé ẹni báyìí ni ó yá jù.

Oríṣi méjì ni ó sì yẹ kí a mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Àkọsílẹ̀ àgbáyé ni èyí tí ó dára jù nínú gbogbo eré irú bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti sá níbikíbi tí òfin fọwọ́ sí. Àkọsílẹ̀ ìdíje ni èyí tí ó dára jù nínú ìdíje kan pàtó, bí Òlíḿpíìkì, bí ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, tàbí ìdíje àgbáyé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Helsinki ní ọdún 1983. Eré 12.12 tí Amúsàn sá ní Oregon di méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa 12.20 tí Kendra Harrison ti Amẹ́ríkà sá ní London ní ọdún 2016 rẹ́ nínú ìwé àgbáyé. Ó tún pa 12.28 tí Sally Pearson ti Ọsirélíà sá ní Daegu ní ọdún 2011 rẹ́ nínú ìwé ìdíje náà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní Birmingham, ó sá 12.30. Ìyẹn jìnnà sí àkọsílẹ̀ àgbáyé, síbẹ̀ ó di àkọsílẹ̀ ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin náà rí i pé àkọsílẹ̀ àti àmì-ẹ̀yẹ kì í rìn pọ̀ nígbà gbogbo. Eré àbọ̀-ìparí ni Amúsàn ti sá 12.12, níbi tí wọn kì í ti í fún ẹnikẹ́ni ní wúrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jasmine Camacho-Quinn ti Puerto Rico ṣe ní Tokyo ní ọdún 2021: eré àbọ̀-ìparí ni ó ti sá 12.26 tí ó di àkọsílẹ̀ Òlíḿpíìkì.

Ní ti eré náà fúnra rẹ̀, eré họ́dù, èyíinì ni eré ìje tí a ń fo igi ìdènà, jẹ́ ọgọ́rùn-ún mítà fún àwọn obìnrin. Igi mẹ́wàá ni wọ́n ń fò, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83.8. Láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ dé igi kìn-ín-ní jẹ́ mítà 13; láti igi kan dé èkejì jẹ́ mítà 8.5, láti igi ìkẹyìn dé ìlà òpin jẹ́ mítà 10.5. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni sárésáré ń gbé láàrin igi méjì. Ọgọ́rin mítà ni wọ́n ń sá tẹ́lẹ̀. Òlíḿpíìkì Munich ní ọdún 1972 ni ti ọgọ́rùn-ún mítà ti kọ́kọ́ wọlé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwa pẹ̀lú fi ní ẹni tí a lè tọ́ka sí. Modúpẹ́ Òṣíkọ̀yà gba wúrà nínú rẹ̀ ní Èkó níbi ìdíje gbogbo Áfíríkà ti ọdún 1973, ó sì tún gba wúrà nínú fífò sókè àti fífò jìnnà níbẹ̀. Ní ọdún 1974 ní Christchurch, ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ó gba fàdákà nínú họ́dù, ó sì gba wúrà nínú fífò jìnnà. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọdún 2022 ni àwọn obìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ igi ìdènà í fò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ wo bí àkọsílẹ̀ yìí ṣe ń sún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1988, Yordanka Donkova ti Bùlùgéríà sá 12.21. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí Harrison tó sá 12.20. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni ìyàtọ̀ náà. Ẹni tí ó bá sá ọgọ́rùn-ún mítà ní 12.12 ń kọjá mítà 8.25 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ nígbà náà, kò tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ohun tí gbogbo ayé rí jèrè ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Amúsàn yọ ìdá mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 66, ó ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Abájọ tí ẹnu fi ya àwọn tí ó mọ̀ nípa eré náà, tí àwọn kan sì ṣe iyèméjì.

Mo ń bọ̀ wá sórí iyèméjì náà. Afẹ́fẹ́ ni ó kàn.

Nígbà tí Amúsàn sá 12.12, afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn jẹ́ mítà 0.9 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n sá àṣekágbá, afẹ́fẹ́ ti di mítà 2.5. Òfin sọ pé bí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn bá kọjá mítà 2.0, eré náà kò lè di àkọsílẹ̀. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà, ní ibi tí ó ku àádọ́ta mítà kí a dé ìlà òpin, kò sì gbọdọ̀ jìnnà ju mítà méjì lọ sí ojú ọ̀nà. Ní ti họ́dù ọgọ́rùn-ún mítà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlá ni ó fi ń ka afẹ́fẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìbọn bá dún.

Ìdí tí wúrà fi dúró tí àkọsílẹ̀ kò sì dúró ni ọ̀pọ̀ kì í rí. Àwọn tí Amúsàn bá sá àṣekágbá ni Britany Anderson ti Jàmáíkà àti Camacho-Quinn, tí àwọn méjèèjì sá 12.23. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ó fẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó ṣe ojúsàájú fún, nítorí náà ẹni tí ó ṣíwájú ni ó ṣíwájú. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà ní ìdíje àgbáyé, kò sì sí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí ó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ní tirẹ̀ ń fi Amúsàn wé Donkova ní Stara Zagora ní ọdún 1988 àti Harrison ní London ní ọdún 2016. Àwọn wọ̀nyẹn kò sí lórí pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ Oregon kò sì fẹ́ sí wọn lẹ́yìn. Bí a bá fẹ́ kí ìfiwéra náà jẹ́ òdodo, a gbọ́dọ̀ pa ààlà fún ìrànlọ́wọ́ tí kò ti ẹsẹ̀ sárésáré wá. Pé ààlà náà jẹ́ 2.0 dípò 1.8 tàbí 2.3, àdéhùn lásán ni. Ènìyàn ni ó fi ẹnu kò lé e lórí. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí gbogbo ènìyàn ń pa mọ́ sàn ju òye ara ẹni lọ, pàápàá nígbà tí olóye kọ̀ọ̀kan bá ní ọmọ tirẹ̀ nínú ìdíje.

Wàyí o, iyèméjì. Michael Johnson, tí òun fúnra rẹ̀ ti di àkọsílẹ̀ àgbáyé mú nínú eré àwọn ọkùnrin, sọ ní gbangba lọ́jọ́ náà pé òun kò gbà pé àwọn aago eré họ́dù náà péye, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ni ó sá ju bí wọ́n ti í sá tẹ́lẹ̀ rí lọ. Inú bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sí i. Inú kò bí èmi. Iyèméjì kì í ṣe ọ̀tá àkọsílẹ̀. Àìsí ẹ̀rí tí a lè fi dá iyèméjì lóhùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀rí tí ó sì wà nínú ọ̀ràn yìí kò kéré. Ìbọn ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ń ṣí aago fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dán an wò pé òdo ni aago ń kà nígbà tí ìbọn dún. Ẹ̀rọ ayàwòrán dúró sí ìlà òpin, ó sì ń fi ìgbà tí àyà sárésáré kan ìlà hàn, kì í ṣe orí, kì í ṣe ọwọ́. Bí àkókò náà bá bọ́ sáàrin ìdá kan àti èkejì, èyí tí ó gùn jù ni wọ́n ń kọ. Sárésáré gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yẹ ara òun wò fún oògùn tí òfin kà léèwọ̀. Gbogbo ìwé wọ̀nyí ni wọ́n kó ránṣẹ́ sí àjọ World Athletics, tí a mọ̀ sí IAAF títí di ọdún 2019, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ní ọdún 2022 kan náà. Ohun mìíràn tún wà: Harrison, ẹni tí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bá Amúsàn sá eré àbọ̀-ìparí náà. Aago kan náà ni ó ka ti àwọn méjèèjì, ó sì ka 12.27 fún Harrison, ohun tí kò yani lẹ́nu fún ẹni tí ó ti sá 12.20 rí. Ẹni tí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá di ẹlẹ́rìí lójú eré kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ẹ̀rí kò ti pé, kí a lè mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1988, ní Indianapolis, Florence Griffith-Joyner sá ọgọ́rùn-ún mítà ní 10.49. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà ka òdo. Lórí pápá kan náà, lásìkò kan náà, ẹ̀rọ tí ó wà níbi tí wọ́n ti ń fò lẹ́ẹ̀mẹta ka mítà 4.3. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ báyẹn lápá kan kí ó sì dákẹ́ rọ́rọ́ lápá kejì tí kò jìnnà. Síbẹ̀ wọ́n kọ 10.49 sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan náà sá 10.61 nígbà tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ òfin, èyí tí í bá ti tó láti di àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ẹ wo ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ní Eugene, lórí pápá kan náà tí Amúsàn yóò ti di olókìkí ní ọdún kan lẹ́yìn náà, Elaine Thompson-Herah ti Jàmáíkà sá 10.54. Bí ó bá jẹ́ 10.61 ni ó wà nínú ìwé, ọjọ́ náà ni òun ì bá di ẹni tí ó yá jù láyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí ni mo ń rò nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé wọn ì bá kúkú kọ 12.06 sílẹ̀ fún Amúsàn. Bí wọ́n bá kọ ọ́, wọ́n fún un ní ìdá mẹ́fà, wọ́n sì gba ìgbẹ́kẹ̀lé gbogbo ayé lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin, ọdún 1983 sí 1988 dà bí ògiri. Jarmila Kratochvílová ti Czechoslovakia sá 800 mítà ní 1:53.28 ní ọdún 1983. Marita Koch ti Ìlà-Oòrùn Jámánì sá 400 mítà ní 47.60 ní ọdún 1985. Galina Chistyakova ti Soviet fò jìnnà dé mítà 7.52 ní ọdún 1988. Nígbà tí ọdún 2025 parí, gbogbo wọn ṣì wà nínú ìwé. A kò rí oògùn lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àyẹ̀wò oògùn láìròtẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ ìdíje, kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí ògiri Berlin sì wó, ìwé ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì fi hàn pé ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ń fún àwọn eléré ìdárayá ní oògùn amárale, tí àwọn ọmọdébìnrin tí kò mọ ohun tí wọ́n ń gbé mì wà nínú wọn. N kò ní ẹ̀rí láti dá ẹnì kan lẹ́bi. Ohun tí mo lè sọ ni pé a kò mọ bí a ó ti fi àwọn obìnrin òde òní wé ti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àkọsílẹ̀ wà fún nìyẹn. Eré họ́dù ọgọ́rùn-ún mítà wà lára ìwọ̀nba eré ìje tí àwọn obìnrin ìgbà tiwa ti fo ògiri náà kọjá.

Àwọn obìnrin sì ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé ẹni tí kàlámù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń pinnu ẹni tí ó sáré. Nígbà tí àwọn àgbààgbà Òlíḿpíìkì kọ̀ láti gba àwọn obìnrin láàyè nínú eré orí pápá, obìnrin ará Faransé kan, Alice Milliat, kó wọn jọ, wọ́n sì ṣe ìdíje tiwọn ní Paris ní ọdún 1922, wọ́n sì ń kọ àkọsílẹ̀ tiwọn fúnra wọn. Ọdún 1928 ni Òlíḿpíìkì tó ṣílẹ̀kùn, ìdíje márùn-ún péré ni wọ́n sì gbà. Àwọn oníròyìn pariwo pé 800 mítà ti pa àwọn obìnrin lára, ni wọ́n bá yọ ọ́ kúrò títí di ọdún 1960. Fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, obìnrin kankan kò lè sá a ní Òlíḿpíìkì. Kì í ṣe pé wọn kò lè sá a.

Èyí ni ó gbé mi padà sí Òkè-Àdó. Ọdún 1960 náà ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ síbẹ̀, tí wọ́n pè ní Liberty. Níbẹ̀ ni Dick Tiger ti borí Gene Fullmer ní oṣù Kẹjọ ọdún 1963, tí ó di ipò akàn-ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé rẹ̀ mú. Ní ọdún 2010 wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ ìlú yìí mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ayé wá wo nǹkan ní ẹnu ọ̀nà ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ibi tí àwọn obìnrin wa ti ṣe èyí tí ó ga jù. Violet Odogwu gba idẹ nínú fífò jìnnà ní Kingston ní ọdún 1966. Fatima Yusuf sá 400 mítà ní 49.43 ní Harare ní ọdún 1995. Ní Atlanta ní ọdún 1996, Fàlílátù Ògúnkọ̀yà sá a ní 49.10, ó di àkọsílẹ̀ Áfíríkà, síbẹ̀ idẹ ni ó fi gbà. Níbẹ̀ náà ni Chioma Ajunwa ti fò jìnnà dé mítà 7.12 tí ó gba wúrà. Glory Alozie sá họ́dù ní 12.44 fún Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ó di ọmọ Sípéènì. Amúsàn yọ 12.44 yẹn kúrò ní Zurich ní ọdún 2021 pẹ̀lú 12.42. Ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo rẹ̀.

Owó àti olùkọ́ni wà lára ìdí rẹ̀, gbogbo yín ni ẹ sì mọ ìyẹn. Ìdí mìíràn tí a kì í sọ ni aago. Mo ti jókòó lọ́pọ̀ ìgbà níbi eré ìje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú yìí, mo sì ti rí àwọn olùkọ́ tí wọ́n dúró sí ìlà òpin pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú aago lọ́wọ́ máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìbọn bá dún, ojú rẹ̀ sì ti ń retí sárésáré nígbà tí ó bá ń bọ̀ ní òpin, nítorí náà kì í pẹ́ níbẹ̀. Aago á wá kéré ju òtítọ́ lọ. Àwọn onímọ̀ máa ń fi 0.24 kún aago ọwọ́ nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà kí wọ́n tó fi wé ti ẹ̀rọ. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí Amúsàn fi ju Harrison lọ. Lórí ilẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà méjì. Láti ọdún 1977 ni wọn kò ti gba aago ọwọ́ mọ́ fún àkọsílẹ̀ àgbáyé nínú eré tí kò ju 400 mítà lọ. N kò sì tíì rí ẹ̀rọ ìwọn-afẹ́fẹ́ níbi eré àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ. Bí ọmọbìnrin kan bá sá eré tí kò sí irú rẹ̀ ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìyìn ni yóò mú lọ sílé. Kò sí bí ẹni tí ó wà ní Zurich tàbí El Paso ṣe lè mọ̀ bóyá òun ni tàbí afẹ́fẹ́.

Nígbà tí mo bá sọ èyí, àwọn kan máa ń dá mi lóhùn pé ẹ̀rọ kì í sáré. Òótọ́ ni. Amúsàn ti wà nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó lọ sí yunifásítì ní El Paso ní Texas, ẹsẹ̀ tí ó sì gbé lọ ni ẹsẹ̀ tí ó ní tẹ́lẹ̀. Mo ń béèrè nípa àwọn tí kò lọ.

Ní ti àkọsílẹ̀ náà, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọdún 2025 parí. Masai Russell ti Amẹ́ríkà sún mọ́ ọn ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ní Miramar, ó sá 12.17. Ní oṣù Kẹsàn-án, ní ìdíje àgbáyé ní Tokyo, Ditaji Kambundji ti Switzerland gba wúrà pẹ̀lú 12.24, Amúsàn sì gba fàdákà pẹ̀lú 12.29. Ẹ ṣàkíyèsí pé a lè to àwọn nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyí sí abẹ́ 12.12 láìsí àríyànjiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú mẹ́ta àti ọdún méjì ni wọ́n ti wá.